Inhélà Olóòórùn Máńgòrò

Irọ́ tí Fàrídà pa fún ìyá rẹ̀ kò kún ẹnu, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ọkọ náà. Irọ́ ẹlòmíràn a máa pẹ́ kó tó hù. Tirẹ̀ hù lójú ẹsẹ̀, ó sì ta gbòǹgbò dé ilé àna.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tó ti dùn, torí ó dùn nígbà kan.

Ọdún 2021 ni, oṣù kọkànlá ń parí lọ. Fàrídà ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé kan ní Woji, ní Port Harcourt. Jẹnẹrétọ̀ iléèwé kọṣẹ́, Belema, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni, sì ní kí ọkùnrin kan tó ń gbé nínú ọgbà ilé òun wá wò ó. Ọmọ Kalabari ni Belema. Inú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn Yorùbá ló dàgbà sí, ó sì gbọ́ Yorùbá bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ orin ìlú onílùú: ó mọ̀ ọ́n jó, kò mọ̀ ọ́n kọ.

Fàrídà ń gba ẹ̀yìn iléèwé kọjá nígbà tí òórùn máńgòrò gbá a nímú. Ó dúró. Kò sí máńgòrò lórí igi kankan ní gbogbo Port Harcourt lásìkò yẹn.

“Ta ló ń jẹ máńgòrò níbí?”

Ọkùnrin kan gbé orí sókè lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, epo dúdú lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. “Kò sí o, Àǹtí. Àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n lọ wá a wá.”

Mùbárákù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó tí wọ́n bí sí Port Harcourt bíi ti Fàrídà fúnra rẹ̀, ẹnjiníà níléeṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé dáadáa, jẹnẹrétọ̀ tó ti dára tún ti kọṣẹ́ láìmọye ìgbà. Belema rẹ́rìn-ín títí. “This gen wey dey spoil anyhow so,” ló wí, “na love dey worry am.” Kí la fẹ́ kó sọ? Òórùn ni Fàrídà kọ́kọ́ fẹ́ kó tó fẹ́ ẹni.

Ìgbà tí ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára tán ló tó rí ibi tí òórùn náà ti ń wá. Ohun kékeré kan ni, ó rí gbọọrọ, ó ń dán bíi ìtọ́tè obìnrin. Mùbárákù fi í sẹ́nu, ó fà á, èéfín funfun sì tú jáde nímú rẹ̀.

“Sìgá nìyẹn!”

“Sìgá kọ́. Fépù ni. Mo máa ń mu sìgá ní pólì, èyí ni mo fi lé e lọ. Omi lásán ló ń gbóná nínú ẹ̀, babe. No be smoke.”

“Kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan?”

“Omi? Wetin water wan do person?”

Fàrídà gbà á gbọ́ torí pé ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ẹni tí ìfẹ́ ń pa kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ikọ́ Mùbárákù wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ikọ́ gbígbẹ, kúkúrú, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí. Ṣùgbọ́n ní Port Harcourt nígbà náà, bàbá kan ṣoṣo ni gbogbo ikọ́ ní, sóòtù ni bàbá ọ̀hún. Eérú dúdú tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ yìí ti wọ aṣọ, ó ti wọ omi, ó ti wọ ihò imú àgbà àti èwe. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń wúkọ́, ẹni tó ń gun jíìpù náà ń wúkọ́. Tí Mùbárákù bá ti wúkọ́, wọ́n á ní, “Na soot. Sorry o.” Òun náà á ní, “Soot ni jàre.” Ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Ilé kan wà ní Diobu tí wọn kì í ti í fi ikọ́ ṣeré, ilé àwọn Fàrídà ni. Abdulwahab, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ásímà mú lọ lọ́dún tí sóòtù kọ́kọ́ le. Inhélà rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ṣì wà nínú àpótí gèlè ìyá wọn. Ìyá Wàhábù ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pe obìnrin náà. Orúkọ ọmọ kò bá ọmọ lọ. Lójoojúmọ́, tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á fi ìka nu gíláàsì fèrèsé, á wo bí ìka náà ṣe dúdú tó, á sì mí kanlẹ̀.

Bàbá Fàrídà ńkọ́? Alhaji Tàjúdéènì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní gbogbo ìgbà iṣẹ́ rẹ̀, páálí sìgá ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́, ó sì kórìíra ẹni tó ń mu ún ju ẹni tó ń kó o wọlé lọ. Ó ti fi Kùránì búra pé ọkùnrin tó bá ń fẹ́ èéfín lẹ́nu kò ní fẹ́ ọmọ òun láéláé.

Ọjọ́ tí Mùbárákù kọ́kọ́ fẹ́ wá kí wọn, lẹ́yìn Iléyá ọdún 2022, Fàrídà àti ìyá rẹ̀ dúró ní bákónì, wọ́n ń retí àlejò. Òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé nínú petẹ́ẹ̀sì náà. Mùbárákù dé. Kó tó wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ nǹkan lápò, ó fi sẹ́nu, ó fà á. Kò rántí wo òkè.

“Kí lọmọkùnrin yẹn fi sẹ́nu?”

Fàrídà bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń ka ìwé ìròyìn, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sáré wá sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ láti kékeré, èyí tí wọ́n máa ń pariwo nínú ilé wọn tí èémí Wàhábù bá ti ń há.

“Inhélà ni, Mọ́mì.”

Kó tó pa ẹnu dé ló ti mọ̀ pé òun sá fún iná, òun bọ́ sínú omi gbígbóná. Ìyá rẹ̀ di irin bákónì mú.

Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ Mùbárákù lórí àtẹ̀gùn. Ó dé àjà kejì, ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Wàhábù tẹ́ etí sílẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà.” Mùbárákù dọ̀bálẹ̀, ikọ́ ló gbé e dìde.

“Dìde, dìde,” ni Alhaji wí, inú rẹ̀ dùn sí ìdọ̀bálẹ̀ náà. “Sóòtù yìí kò ní pa wá. Ọmọ yìí mà mọ lọ́fíńdà lò o! Èwo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni, sà.”

Ìyá Wàhábù gbé oúnjẹ fún un, ó ṣe é lálejò dáadáa, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń jẹun. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó fa ọmọ rẹ̀ wọ yàrá.

“Fàrídà, ọmọ dáadáa ni, ó níwà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọ́ fún un.”

“Mọ́mì, kí ló ṣe?”

“O mọ ohun tó ṣe. Mo ti fi etí mi yìí gbọ́ irú èémí yẹn rí. Àrùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, kó tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwọn, irú ọmọ wo lẹ máa bí? Kí o máa fi etí lé àyà ọmọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí mo ṣe ṣe? Ẹni ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.”

Ibi tó yẹ kí Fàrídà ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó la ẹnu. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń sọ fún ẹnì kan lórí fóònù pé ọmọ Ìwó kan fẹ́ di àna òun. Ó pa ẹnu náà dé.

Oṣù ń gorí oṣù. Mùbárákù ò yé bẹ̀bẹ̀, Fàrídà ò yé sunkún, Alhaji ò sì mọ ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fa ẹsẹ̀. Níkẹyìn, Ìyá Wàhábù gbà láti ṣe ìwádìí. Kò sí àgbà tó ń fi ọmọ fún ìdílé tí kò wádìí. Ní ìlú ẹni, wọ́n á bi ará àdúgbò; ní Port Harcourt, ta ló mọ orírun ta? Alárenà ló kù. Ó pe Belema, ó ní kó lọ bi ìyá Mùbárákù bóyá àìsàn èémí wà nídìí wọn.

Belema wo Fàrídà. Fàrídà wolẹ̀.

“Mama, abeg,” ni Belema wí, “that one pass my power.”

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó fa Fàrídà láṣọ. “You dey craze? Tell your mama say na vape! I no go carry lie enter another woman shop.”

“Àsìkò tó dára ni mò ń wá.”

“The time wey you dey find, e don dey cough already.”

Alárenà kọ̀, àgbà bá rìn ín fúnra rẹ̀. Ìyá Wàhábù wọ híjáàbù, ó ní kí Fàrídà sin òun lọ sí Creek Road Market. Ibẹ̀ ni Ìyá Mùbárákù ti ń ta òwú, síípù àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀. Ó rí wọn, ó fò dìde.

“Àna mi! Ẹ kú ẹsẹ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Kí ni n fi ṣe yín lálejò?”

“Ẹ má ṣe wàhálà. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ má bínú sí mi. Ásímà tó ń ṣe ọmọ wa yìí, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti wá ni, àbí ọ̀dọ̀ tiyín?”

Òwú tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. “Ásímà kẹ̀? Mùbá tèmi?”

“Kò sọ fún yín? Ó ń lo inhélà.”

Ìyá Mùbárákù jókòó. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, Fàrídà sì ń wo bí irọ́ òun ṣe ń wọ ara obìnrin náà bí òtútù. “Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo ní sóòtù ni. Bàbá rẹ̀ náà wúkọ́ kó tó kú, wọ́n ní ibà ni. Àbí ibà kọ́? Yéè! Àbí àwa la kó o ran ọmọ?” Ó fi etí ìborùn nu ojú. “Ẹ má rò pé a fẹ́ tàn yín, àna mi. N kò mọ̀ ni. Ọlọ́run gbọ́, n kò mọ̀.”

Ojú ti Fàrídà débi pé ó wu ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá òwú tó yí lọ sábẹ́ tábìlì, ó sì pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó dìde, àwọn ìyá méjèèjì ti di ọwọ́ ara wọn mú.

Mùbárákù bínú nígbà tó gbọ́. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wà ní Woji, wọ́n yí gíláàsì sókè nítorí sóòtù.

“Ìwọ lo pè é ní inhélà, èmi kọ́.”

“Mo mọ̀. Jẹ́ ká lọ sọ òótọ́. Mọ́mì rẹ rò pé àwọn ló kó àrùn ràn ẹ́.”

“Kí Dádì rẹ wá lé mi bí ẹran? Gbọ́, màá fi sílẹ̀. Tí mo bá ti fi sílẹ̀, kò sóhun tá a fẹ́ sọ mọ́. Wọ́n á ní ásímà náà ti lọ.”

“Ìgbà wo?”

“Today. See am.” Ó fi fépù náà lé e lọ́wọ́. Fàrídà jù ú sínú báàgì, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Kò pẹ́ tó tún fi rí òmíràn lápò rẹ̀. Tìyẹn ń ta sánsán bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ọwọ́ Mùbárákù ń gbọ̀n kó tó fà á. Ó fà á tán, ọwọ́ kò gbọ̀n mọ́. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó ba Fàrídà gan-an. Omi lásán wo ló ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ báyìí? Láti ìgbà náà, tó bá ti jókòó tì í, èémí rẹ̀ ló ń gbọ́, kì í gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ó ti di ìyá rẹ̀ tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Belema pè é. “Farida, run come! Muba no fit breathe. We don carry am go hospital.”

Fàrídà kò dúró wọ bàtà tó dọ́gba. Ìyá rẹ̀ bi í, ó fi igbe dárúkọ Mùbá àti ilé ìwòsàn, ó ti sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó dé ọ̀hún, Mùbárákù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi nǹkan bo imú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń yí padà. Ìyá rẹ̀ dúró ti dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ibiere.

“Na asthma, Doctor,” ni Ìyá Mùbárákù ń wí, tó ń sunkún. “E dey our family. Him papa get am.” Irọ́ Fàrídà ti di ẹ̀rí lẹ́nu ìyá ọlọ́mọ.

Dókítà fajú ro. “We don give am asthma medicine since. E no dey touch am.”

Ìgbà yẹn ni Ìyá Wàhábù wọlé, ó ń mí gúlegúle, àpò ọ̀rá kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú u. Inhélà búlúù Wàhábù ló mú jáde.

“Ó ti pẹ́, ó lè máà ṣiṣẹ́ mọ́,” ló sọ fún Ìyá Mùbárákù. “N kò kàn lè wá lọ́wọ́ òfo. Ìyá Mùbá, mo ti rò ó tì. Bí ọmọ yìí bá yè, mo ti fún un ní Fàrídà. Èmi tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àìsàn yìí, ta ló tún yẹ kó gbà á bí kò ṣe èmi?”

Ohun tí Fàrídà ti ń fi ẹkún tọrọ nìyẹn, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ gbẹrẹgẹdẹ. Kó ṣáà dákẹ́ ni. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo Mùbárákù, tí ojú rẹ̀ ń wá ti Fàrídà lókè ohun tí wọ́n fi bò ó nímú, tó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ohun tó ń sọ ni pé kó má sọ, tàbí pé kó sọ.

“Dókítà, kì í ṣe ásímà,” ló ké. “E no get asthma! Kò ní in rí. Na vape e dey smoke.” Ó tú báàgì rẹ̀ dà sílẹ̀, fépù máńgòrò náà yí jáde láàárín ìwé àwọn ọmọ iléèwé.

Dókítà nìkan ló rìn. “Since when? Every day?”

“Ojoojúmọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta.”

“And una dey tell me asthma!” Dókítà ti yí padà, ó ń pe nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n wá ya àwòrán àyà rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ oògùn. Wọ́n lé gbogbo wọn síta.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí Dókítà Ibiere jáde, oòrùn ti ń wọ̀. Ó ní èémí náà ti ń balẹ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló wú, tó gbóná. “Who tell am say na water? No be water. Chemical dey inside, nicotine dey wey no dey gree person leave am. The sweet wey mouth fit swallow, lung no fit carry am. Soot no help matter, but no be soot do this one. If we don dey treat asthma go...”

Ìyá Mùbárákù dì mọ́ Fàrídà. “Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa? Kì í ṣe àwa?” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Fàrídà ìbá fẹ́ kó gbá òun létí ju kó dì mọ́ òun lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọlé, Ìyá Wàhábù mú fépù náà lọ́wọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀.

“Máńgòrò,” ló wí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Ọmọ tèmi fi gbogbo ayé rẹ̀ tọrọ èémí. Ìwọ tí Ọlọ́run fún lọ́fẹ̀ẹ́, o lọ ra ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ.”

Mùbárákù fẹ́ sunkún, ikọ́ kò jẹ́ kó ráyè.

Lẹ́yìn náà, Ìyá Wàhábù kọjú sí Fàrídà. “Ìwọ lo dùn mí jù. Ohun tó gbẹ̀yìn ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ lo fi pa irọ́.”

Fàrídà kúnlẹ̀.

Alhaji gbọ́. “Páálí sìgá tí mo gbà ní bọ́dà kò lóǹkà,” ló wí. “Èyí gun àtẹ̀gùn ilé mi wá, ó jókòó ní pálọ̀ mi, mo sì ń bi í pé lọ́fíńdà wo ni.” Ó ní kò sí ìgbéyàwó. Belema wá bẹ̀ ẹ́, ó fi Pijin bẹ̀ ẹ́, ó fi Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n sọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Mùbárákù wá kúnlẹ̀. Alhaji ní kí wọ́n bi ìyàwó òun.

“Àtẹ̀gùn ilé yìí ni màá fi dán an wò,” ni Ìyá Wàhábù wí. “Ọjọ́ tó bá gùn ún láti ìsàlẹ̀ dókè, tí kò dúró ní àjà kejì, tó sì kí mi ní kíkún láìwúkọ́, màá gbọ́ tiẹ̀. Ẹnu lè parọ́. Àyà kò lè pa á.”

Títí di ìgbà náà, kí àwọn méjèèjì má rí ara wọn. Belema ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé e bọ̀. “E throw everything for gutter.” “E no sleep at all.” “E buy another one, but e carry am come give me by himself.” “Doctor say the chest fit no return like before.” Fàrídà á gbọ́, á dúpẹ́, á wọ yàrá lọ.

Nígbà òjò, Mùbárákù wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dé àjà kejì, ó dúró, ikọ́ dé. Fàrídà gbọ́ bó ṣe yí padà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Ìyá rẹ̀ náà gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò nu fèrèsé.

Ọdún ń lọ sópin, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ kan tún dún nísàlẹ̀. Fàrídà mọ ẹsẹ̀ náà. Ó wà nínú ilé ìdáná, ó pa iná, ó dúró gbagidi. Àjà kìíní. Ẹsẹ̀ náà kò yára. Àjà kejì. Ó lọ́ra. Ọlọ́run, má jẹ́ kó dúró. Ó lọ́ra sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́, ó sì tún dún. Ní pálọ̀, Alhaji ti ká ìwé ìròyìn sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Èémí nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ìyá Wàhábù ló dìde tó ṣí i. Mùbárákù dúró níbẹ̀, òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ti ń tẹríba láti dọ̀bálẹ̀, ó ti la ẹnu láti kí wọn. Fàrídà fa imú láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ òórùn kankan àyàfi ti òógùn.

Ìyá Wàhábù na ọwọ́, ó gbé e lé àyà ọmọkùnrin náà, bó ṣe máa ń gbé e lé ti Wàhábù.

“Má tíì kí mi,” ló wí. “Mí ná, ọmọ mi. Mí ná.”